Iṣẹ́ Tí Mo Ń Fi Ìṣirò Ṣe

Káàdì ìwọ̀n ọmọ tí ìyá máa ń gbé lọ sílé, èyí tí nọ́ọ̀sì ń fa ìlà sí lóṣooṣù láti fi mọ bí ọmọ ṣe ń wúwo sí i, ìlú wa ni wọ́n ti ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀. Ìmẹ̀sí-Ilé ni ìlú náà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Obòkun, níbi tí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti bá Èkìtì pààlà láàárín òkè. Ogun Kírìjì àti àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ wá, kò sì sí ẹni tí yóò gba ìyẹn lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n èmi tí mo jẹ́ ọmọ ibẹ̀, tí mo sì ń fi ìṣirò jẹun, káàdì yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ìṣirò ṣe fún ènìyàn rí.

Ní 1956 ni Dókítà David Morley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Iléṣà. Kò pẹ́ tó fi rí i pé bí òun bá jókòó sí Iléṣà tí òun ń retí aláìsàn, ìgbà tí ẹ̀pa ò bá bóró mọ́ ni wọn yóò máa gbé ọmọ dé. Ní 1957, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì gbé iṣẹ́ lọ sí Ìmẹ̀sí. Wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí nílùú sílẹ̀, wọ́n ń gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, wọ́n ń kọ ikọ́, ìgbẹ́ gbuuru, ibà àti èéyi tó bá ṣe wọ́n, wọ́n sì ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ìyá tó bí mi wà nínú àwọn ọmọ tí wọ́n gbé sórí òṣùwọ̀n yẹn. Yèyé àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, kò fojú kan ilé ìwé rí. Síbẹ̀, títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ló máa ń sọ fún àwọn aya ilé pé bí ìlà ọmọ bá ń gòkè, kí ìyá ọmọ fọkàn balẹ̀. Bí ó bá dúró sójú kan, kó tètè dìde.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe to káàdì náà. Àpótí kéékèèké ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún oṣù kan. Oṣù tí wọ́n bí ọmọ ni wọ́n ń kọ sínú àpótí àkọ́kọ́, wọn yóò wá to àwọn oṣù yòókù tẹ̀lé e. Nítorí náà, bí wọ́n bá bí ọmọ ní oṣù Mááṣì tí ìyá rẹ̀ sì gbé e wá ní Júláì, kò sí pé nọ́ọ̀sì ń béèrè pé oṣù mélòó ni ọmọ, kò sì sí pé ìyá ń fi ìka ṣírò. Ibi tí a kọ Júláì sí ni wọn yóò fi àmì sí, ọjọ́ orí ọmọ ti wà níbẹ̀. Ìlà méjì gba inú káàdì kọjá, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tí wọ́n fà láti inú ìwọ̀n àwọn ọmọ tí ara wọn dá. Àárín ìlà méjèèjì ni ọ̀nà ìlera. Inú ọ̀rá ni ìyá ń fi káàdì sí kí omi má bà á jẹ́, ilé tirẹ̀ ló sì ń gbé e lọ, torí Morley gbà pé ìyá ló ni ọmọ, ìyá ló sì yẹ kó ni ìwé ọmọ. Ó wù mí kí àwọn tó ń ṣe ètò ìlera lónìí tún ibi yìí kà dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ méjì tí wọ́n pé oṣù mẹ́sàn-án, tí ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 7. Oṣù méjì sẹ́yìn, ti ọ̀kan jẹ́ kílò 6.2, ti èkejì jẹ́ kílò 7.6. Ẹni tó bá wo òṣùwọ̀n ọjọ́ yẹn nìkan yóò ní ọgbọọgba ni wọ́n. Ẹni tó bá wo ìlà yóò rí i pé ọ̀kan ń gòkè bọ̀, èkejì sì ń bọ́ lọ́wọ́ wa. Iye tí nǹkan jẹ́ lónìí kò tó. A ní láti mọ ibi tó kọrí sí àti bó ṣe ń yára tó. Ohun tí Newton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Leibniz ní Jámánì gbé kalẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún nìyẹn, tí àwọn ọmọ ilé ìwé wa ń pè ní calculus, tí ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà wọ́n. Yèyé àgbà kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lò ó.

Orí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni gbogbo iṣẹ́ mi dúró lé. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé ni mo ń mú, ì báà ṣe àìsàn tó ń ràn, epo tó ń gba inú páìpù kọjá, tàbí ooru tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì. Màá kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìdọ́gba, ìyẹn ni pé màá kọ bí nǹkan kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí padà àti ohun tó ń mú un yí padà. Lẹ́yìn náà, kọ̀ǹpútà yóò bá mi yanjú rẹ̀, màá sì lè sọ fún dókítà tàbí ẹnjiníà ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó bá kú kò ṣeé jí dìde láti fi tún ìdánwò ṣe. Páìpù tó bá bẹ́ ti bẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ìṣirò dán an wò ná.

Èéyi ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun náà kan ìlú wa. Àìsàn yìí pa ọmọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láyé ìgbà náà kọjá sísọ, pàápàá ọmọ tí ebi ti ń bá fínra tẹ́lẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1960, Samuel Katz láti yàrá ìwádìí John Enders ní Boston, ní Amẹ́ríkà, gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde wá sí ọ̀dọ̀ Morley, wọ́n sì dán an wò lára àwọn ọmọ agbègbè wa. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1962. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa tà á lọ́dọ̀ wọn. Ẹ rò ó wò: ọmọ Ìjẹ̀ṣà ti gba abẹ́rẹ́ yìí kó tó di ohun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà.

Ibo ni ìṣirò ti wọ̀ ọ́? Ní 1927, àwọn méjì kan ní Scotland, Kermack àti McKendrick, kọ ìdọ́gba tí a ṣì ń lò títí dòní. Wọ́n pín ará ìlú sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn tí àìsàn ṣì lè mú, àwọn tó ti mú tí wọ́n sì ń kó o ràn ẹlòmíràn, àti àwọn tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iye ẹni tó ń kúrò ní ọ̀nà kìíní bọ́ sí ìkejì lójoojúmọ́ wà lọ́wọ́ bí àwọn méjèèjì ṣe ń pàdé ara wọn tó, lọ́jà, ní ilé ìwé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde láti inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Bí ọmọ kan tó ní èéyi bá wọ àárín àwọn tí kò sí ààbò lára wọn, ènìyàn bíi 12 sí 18 ló lè kó o ràn. Kí àìsàn tó lè kú nílùú, ẹni kan kò gbọdọ̀ ran tó ẹni kan. Bí a bá mú 12, nínú ẹni méjìlá tí aláìsàn bá pàdé, mọ́kànlá gbọ́dọ̀ ti ní ààbò. Mọ́kànlá nínú méjìlá jẹ́ bíi 92 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá mú 18, ó di 17 nínú 18, ìyẹn bíi 94. Wàyí o, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún ọmọ oṣù mẹ́sàn-án máa ń dáàbò bo nǹkan bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ. Ẹ ti rí i! Ká ní gbogbo ìyá tó wà ní Nàìjíríà gbé ọmọ wọn lọ, tí kò ku ẹyọ ẹnì kan, 85 kò lè tó 92 láéláé. Bí a bá gún un lẹ́ẹ̀kejì, nínú ọmọ 15 tó ṣẹ́kù, bíi 13 yóò tún ní ààbò, gbogbo rẹ̀ yóò wá di 98. Ẹ̀yìn ìwé kan ló gba ìṣirò yìí, òun ló sì ṣàlàyé ìdí tí Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ èéyi kejì kún un ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún láti 2019. Ìyá tó bá rò pé ti oṣù kẹsàn-án ti tó, kí ó jọ̀wọ́ padà lọ.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ìwé tó là mí lójú sí iṣẹ́ yìí ni èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwọlé Daniel Mákindé tẹ̀ jáde ní 2007. Ifẹ̀ ló ti kàwé kó tó lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Bristol, ó sì ti pẹ́ gan-an tó ti ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí ní Gúúsù Áfíríkà. Nínú ìwé yẹn, ìdọ́gba ọ̀nà mẹ́ta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló mú, ó fi abẹ́rẹ́ àjẹsára kún un, ó sì lo ọ̀nà kan tí George Adomian ní Amẹ́ríkà là sílẹ̀ láti fi yanjú rẹ̀. Mo kà á, mo sì rí ìlú mi nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dárúkọ ìlú kankan. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé nígbà tí mo wá ìwé rẹ̀ mìíràn, ọ̀rọ̀ ooru ni mo bá níbẹ̀. Ní 2011, òun àti A. Aziz kọ̀wé lórí bí omi tí wọ́n po èérún tín-ín-tìn-ìn-tín mọ́ ṣe ń gbé ooru kúrò lára ohun tí wọ́n ń fà gùn. Ẹni tó ń ṣírò àìsàn náà ló ń ṣírò ooru. Ìdọ́gba kò bìkítà bóyá ènìyàn ni tàbí irin. Bí a bá ti mọ bí nǹkan ṣe ń yí padà, ọ̀nà tí a fi ń yanjú rẹ̀ sún mọ́ ara wọn.

Ìwé 2011 yẹn kò jìnnà sí wa rárá. Ẹni tó bá ti dé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá tàbí páànù yóò ti rí i: wọ́n ń fa ohun gbígbóná náà jáde pẹrẹsẹ, wọ́n sì ní láti mú un tutù bó ṣe ń jáde. Bí kò bá tètè tutù, kò ní dúró dáadáa. Bí ó bá sì tutù sódì, yóò ká tàbí kó sán. Ta ni yóò sọ bí omi tó ń mú un tutù ṣe gbọ́dọ̀ yára tó? Omi lásán kì í gbé ooru tó irin. Láti bíi 1995 tí Stephen Choi gbé ìmọ̀ náà jáde ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń po èérún bàbà tàbí irin mìíràn mọ́ ọn, èérún tó kéré débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni a lè tò sórí fífẹ̀ irun orí kan. Irin ń gbé ooru ju omi lọ, nítorí náà omi tó ní irin nínú yóò gbé e ju omi lásán. Ìyẹn ni ìrètí. Ìṣirò ló ń sọ bí èrè rẹ̀ ṣe tó, àti ibi tí irin tó pọ̀ jù yóò ti mú kí omi náà ki débi tí agbára tí a fi ń tì í yóò fi jẹ gbogbo èrè tán.

Ìdọ́gba tó ń ṣe àkóso bí omi ṣe ń ṣàn, tí wọ́n fi orúkọ Navier àti Stokes pè, le gan-an. Láti ọdún 2000 ni àjọ ìṣirò Clay ní Amẹ́ríkà ti gbé mílíọ̀nù kan dọ́là kalẹ̀ fún ẹni tó bá lè fi ẹ̀rí hàn bóyá ó ní ojútùú tó já geere ní gbogbo ìgbà. Owó náà ṣì wà níbẹ̀. Àwa tí a ń lò ó fún iṣẹ́ kò lè dúró de ìyẹn. Ní 1904, Ludwig Prandtl ní Jámánì sọ ohun tó gba gbogbo ènìyàn sílẹ̀: pé ibi tí omi ti kan ara irin, ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wàhálà wà, nítorí pé omi máa ń lẹ̀ mọ́ irin níbẹ̀ tí kò sì lè yára. Bí a bá gbájú mọ́ ìpele yẹn nìkan, ìdọ́gba yóò rọ̀.

Èyí ni mo ń ṣe lórí tábìlì mi. Lẹ́yìn tí mo bá ti fi bírò tú ìdọ́gba náà lórí ìwé títí tó fi kúrú, màá bá nǹkan méjì: mo mọ bí ooru ṣe rí lára irin, mo sì mọ̀ pé lókèèrè níbi tí omi wà jẹ́jẹ́, ooru ti tán. Èyí tí n kò mọ̀ ni bí ooru ṣe ń yára lọ sílẹ̀ gan-an níbi tó ti kúrò lára irin. Màá fojú díwọ̀n rẹ̀, màá sọ fún kọ̀ǹpútà kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kó máa gbésẹ̀ kékeré kékeré lọ sí ìparí. Bí ó bá dé ìparí tí ooru kò tán, a jẹ́ pé ìdíwọ̀n mi kò tọ́. Bí ó bá sì lọ sísàlẹ̀ òdo, mo ti kọjá ààlà. Màá tún un ṣe, màá tún rán an lọ, bí ọdẹ tó yìnbọn gba orí ẹran kọjá tó sì rẹ ẹnu ìbọn sílẹ̀ díẹ̀, títí tí yóò fi bá ibi tí mo fẹ́. Ìgbésẹ̀ kékeré wọ̀nyẹn ní ọ̀nà tiwọn, èyí tí Carl Runge àti Martin Kutta ní Jámánì fi lélẹ̀ ní nǹkan bí 1900, nígbà tí kò tíì sí kọ̀ǹpútà kankan. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe tiwọn.

Èmi kì í gba ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Kọ̀ǹpútà yóò fi gbogbo ọkàn fún ọ ní èsì tí kò tọ́ bí ohun tí o kọ fún un kò bá tọ́. Nítorí náà, gbogbo ètò tuntun tí mo bá kọ, iṣẹ́ àtijọ́ kan ni mo kọ́kọ́ ń fún un ṣe: èyí tí Blasius, akẹ́kọ̀ọ́ Prandtl, ṣe ní 1908, lórí omi tó ń ṣàn kọjá lára pátákó pẹrẹsẹ. Gbogbo ayé mọ̀ pé 0.332 ni èsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí tèmi bá mú 0.332 jáde, a lè tẹ̀síwájú. Bí ó bá mú 0.34 jáde, n kò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ tuntun. Màá padà sí ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi báyìí, mo sì le mọ́ wọn lórí rẹ̀, torí ẹnjiníà kan lè gbé afárá tàbí táńkì ka orí nọ́ńbà tí a bá fún un.

Iṣẹ́ yìí kò rọrùn nílẹ̀ wa. Iná lè lọ nígbà tí ètò ti ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí púpọ̀, ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ ètò náà pé kó máa tọ́jú ibi tó dé sílẹ̀ ní ìdákúrekú. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní ọdún 2022 gba nǹkan bí oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì padà wá mọ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa ń lọ sókè òkun, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Ìyá mi pàápàá bi mí nígbà kan pé, “Àṣàkẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ tó ka ìṣègùn ti kọ́lé. Kí ni nọ́ńbà tìrẹ ń kọ́?” Mo ní, “Ẹ̀yin náà ni, mà. Ẹ̀yin ni nọ́ńbà tó wà nínú ìwé Dókítà Morley. Ara ìwọ̀n tiyín ni wọ́n fi mọ bí wọn yóò ṣe wo ọmọ ẹlòmíràn.” Ó dákẹ́, ó ní òun kò mọ̀ pé wọ́n tọ́jú ìwé náà.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, ọ̀nà wà. Ìṣirò tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ ni kó kọ́kọ́ kà ní yunifásítì, lẹ́yìn náà kó gba oyè másítà, kó sì wá gba ti ọ̀mọ̀wé bó bá wù ú láti máa ṣèwádìí. Ilé ẹ̀kọ́ AIMS tó bẹ̀rẹ̀ ní Cape Town ní 2003, tó ti ní ẹ̀ka ní Senegal, Gánà, Kamẹrúùnù àti Rwanda, ń fún àwọn ọmọ Áfíríkà ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti gba másítà nínú ìṣirò, oúnjẹ àti ibùgbé wà nínú rẹ̀. Àwa náà ní ibùdó ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988 ní agbègbè Àbújá. Èdè tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ bíi Python kò gba kọ́bọ̀. Kọ̀ǹpútà àlòkù tí kò lágbára púpọ̀ lè ṣe é. Kì í ṣe iṣẹ́ olùkọ́ nìkan ló sì wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ epo, báńkì, ìbánigbófò, àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, àti àwọn tó ń tọpa àjàkálẹ̀ àrùn, gbogbo wọn ló ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ilé ìwé girama. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni kò ní olùkọ́ Further Mathematics, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí kò bá ṣe é níbẹ̀ yóò dé yunifásítì yóò sì máa sáré lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo bẹ àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tó ń kó owó jọ láti kọ́ géètì àti láti kun ilé ìwé lọ́dà pé kí wọ́n yọ nínú owó náà fi gba olùkọ́ kan. Mo sì bẹ ẹ̀yin òbí: bí ọmọ yín bá fẹ́ràn ìṣirò, ẹ má fi agídí tì í sí ìṣègùn. Ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀ kí ọdún tó parí, kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún Further Mathematics nínú ìdánwò WAEC.